Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé: Ọwọ́ Ta Ló Yẹ Kó Wà?



Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùwàlá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìgì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó fẹsẹ̀ kan ogún kí a tó parí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ ni: ta ló ń ṣí i, kí ni ẹni tó bá ṣí i lè rí, kí ló sì láṣẹ láti ṣe níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, kí ló kan Àáfà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi, kí ẹ wá dá mi lẹ́jọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn àgbà mọ́sálásí àdúgbò wa ní Òṣogbo níbí fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ sàká. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ orúkọ àwọn tí sàká tọ́ sí, iye ọmọ tó wà lọ́rùn wọn, gbèsè tí wọ́n jẹ, àti iye tí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo tó wà nílé wa ni mo ń kọ ọ́ sí. Kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà, fi ń ṣe àkọsílẹ̀ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Òun náà ni àkọ́bí wa fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Òun náà ni àwọn kéékèèké fi ń ta géèmù nígbà tí iná bá wà. Kò ní password kankan. Bí ẹ bá ti ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ti wọlé nìyẹn. Gbogbo wa la jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi kẹta, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ń wá géèmù rẹ̀ kiri. Ó ṣí fáìlì kan tó rí lójú kọ̀ǹpútà, ó sì rí orúkọ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọdé ni, kò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ìjà bọ́ọ̀lù dé láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ṣebí ìrẹsì sàká lẹ̀ ń jẹ nílé yín.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ìyá ọmọ.

Opó ni obìnrin yìí. Èlùbọ́ ló ń tà. Kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa ló ti bẹ̀ wá pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, pàápàá àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, kò bú mi, kò pariwo. Ó kàn ní, “Àáfà, ẹ̀yin nìkan ni mo rò pé mo fi àṣírí mi hàn. N kò mọ̀ pé gbogbo ilé yín ni mo ń fi í hàn.” Nígbà tí ọdún yípo, a gbé sàká lọ fún un. Ó dá a padà.

Mo fẹ́ na ọmọ náà, n kò ní purọ́. Ìyá rẹ̀ ló dá mi dúró. Ó ní, “Bàbá wọn, ta ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, tí mo gbé jí. Àmánà ni orúkọ àwọn tálákà wọ̀nyẹn jẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú Súrà Báqárà, Ọlọ́hun jẹ́ kó yé wa pé ó dára kí a ṣe sàráà ní gbangba, ṣùgbọ́n kí a fún tálákà níkọ̀kọ̀ lóore jù. Súrà kan náà ló sọ̀rọ̀ àwọn aláìní tí ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n ṣagbe, débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n. Irú wọn gan-an ni mo gbé sójú kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ṣeré rárá. Ẹ ṣí Súrà Núr. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ wọ ilé onílé láìtọrọ àyè kí a sì sálámà sí àwọn ará ibẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí a padà, kí a padà. Ẹlòmíràn rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Kò parí síbẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹsẹ 58 àti 59, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọ inú ilé fúnra rẹ̀, láàárín òbí àti ọmọ. Ọmọ tí kò tíì bàlágà lè máa wọlé kó máa jáde bó ṣe wù ú, àfi ní ìgbà mẹ́ta: kí a tó kírun Àsùbáà, ní ọ̀sán tí àwọn àgbà bá bọ́ aṣọ sinmi, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ní ìgbà mẹ́ta wọ̀nyí, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Bí ó bá sì ti bàlágà, ìgbà gbogbo ni yóò máa tọrọ àyè bíi ti àwọn àgbà.

Ẹ wo bí ètò náà ṣe rí. Ilé kan náà ni, ẹbí kan náà ni, ìfẹ́ kò sì dín kù láàárín wọn. Síbẹ̀ ibi kan wà tí ẹnì kan kì í wọ̀, àkókò kan wà tí ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì, ọjọ́ orí sì ń yí àṣẹ padà. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní permissions lónìí, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló gbé e dé ayé.

Sahl ọmọ Sa'd náà gba hadíìsì kan wá tó wà nínú Bùkhárí àti Múslímù. Ọkùnrin kan ń yọjú láti ihò ilẹ̀kùn wo inú ilé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ìyarí irin kan wà lọ́wọ́ Ànábì tó fi ń yún orí rẹ̀. Ó bínú sí ọkùnrin náà gidigidi, ó sì jẹ́ kó yé e pé nítorí ojú ni a ṣe gbé òfin ìtọrọ-àyè kalẹ̀. Ọmọ mi kò jí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ló wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, èmi ni mo sì lu ihò sára ilẹ̀kùn fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Mo lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkèfìà pé kó là mí lọ́yẹ. Àlàyé rẹ̀ yé mi nítorí pé ó fi ilé gbígbé ṣe é. Ó ní orí kọ̀ǹpútà Windows, oríṣi àkáǹtì méjì ló wà. Èkíní ni Administrator. Ẹ máa pè é ní àkáǹtì onílé. Onílé lè wó ògiri, ó lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó lè gba àlejò, ó sì lè lé ayálégbé jáde. Èkejì ni Standard user, àkáǹtì ayálégbé. Ayálégbé ní yàrá tirẹ̀, ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó lè kọ̀wé, ó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò lè wọ yàrá ẹlòmíràn, kò sì lè wó ògiri. Bó bá fẹ́ gbé ohun tuntun tó kan gbogbo ilé wọlé, kọ̀ǹpútà á dá a dúró, á ní kó lọ pe onílé wá tẹ password rẹ̀.

Nínú ilé tèmi, gbogbo ènìyàn ló jẹ́ onílé, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń gbé. Kì í ṣe ilé tèmi nìkan. Láyé Windows XP tó jáde ní 2001, bí wọ́n ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà fún ènìyàn nìyẹn: àkáǹtì tí ẹ bá ṣe nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tàn án, àkáǹtì onílé ni. Ìgbà tí Windows Vista dé ní 2007 ni Microsoft tó fi aṣọ́bodè kan síbẹ̀ tó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni pé, ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ kí ètò yìí yí nǹkan padà? Inú ń bí àwọn ènìyàn sí aṣọ́bodè yìí. Gbogbo wa la máa ń tẹ Yes kí ojú wa tó ka ohun tó ń sọ.

Bàbá kan lè wá sọ pé, ó dáa, màá fún àwọn ọmọ ní àkáǹtì ayálégbé, màá sì jókòó sínú àkáǹtì onílé tèmi. Mo ní rárá. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó sínú àkáǹtì ayálégbé. Ìdí ni pé ohunkóhun tí ẹ bá ṣèèṣì ṣí, bóyá fáìlì kan tó wá láti orí WhatsApp tàbí géèmù ọ̀fẹ́ tó gbé fáírọ́ọ̀sì sínú, àṣẹ tí ẹ ní ni òun náà máa ń gbé wọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ onílé nígbà tí ẹ ṣí i, òun náà ti di onílé. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, yàrá yín nìkan ló lè bà jẹ́. Èyí náà dunni o, ẹ má gbà pé kò lè ṣe yín níbi. Ṣùgbọ́n yàrá kan kì í ṣe gbogbo ilé. Láti 1975 ni Jerome Saltzer àti Michael Schroeder ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí a fún oníkálukú ní ìwọ̀n àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè, kó má lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ owó: ẹni tó ń gba owó kì í ṣe òun nìkan ló ń bu ọwọ́ lu sọ̀wédowó.

Bí a ṣe ṣe é nílé wa rèé. A wọ Settings, a lọ sí Accounts, a wá ibi tí wọ́n kọ Other users sí. Lórí àwọn Windows tó ti pẹ́ díẹ̀, Family & other users ni wọ́n kọ síbẹ̀. A tẹ Add account. Kọ̀ǹpútà béèrè ímeèlì. A yan “I don't have this person's sign-in information”, lẹ́yìn náà “Add a user without a Microsoft account”, nítorí pé kò sí ìdí tí ọmọ ọdún mọ́kànlá fi gbọ́dọ̀ ní ímeèlì kó tó ta géèmù. Àkáǹtì tuntun kan la kọ́kọ́ ṣe, a sì fi Change account type sọ ọ́ di Administrator. A wọ inú rẹ̀ wò, a rí i pé password rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fo ìyẹn o. Lẹ́yìn náà ni a tó padà sọ àkáǹtì àtijọ́ di Standard, kí gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀ lè dúró sí àyè rẹ̀. Èmi ni mo jogún àkáǹtì àtijọ́ yìí. A ṣe ọ̀kan fún ìyá wọn, ọ̀kan fún àkọ́bí, ọ̀kan fún àwọn kéékèèké. A kó géèmù àti àwòrán àwọn ọmọ sínú fódà Public, tí gbogbo ènìyàn lè dé, oníkálukú sì lọ kó tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ, ìjà ta ló ni àwòrán wo ló sì gbà lára rẹ̀ jù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ètò yìí kò dé, kí ẹ má baà sùn lé e lórí. Ẹni tó bá mọ password onílé lè ṣí yàrá gbogbo ènìyàn. Àwọn mìíràn rò pé bí àwọn bá ti ṣe profile ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Chrome, àwọn ti parí iṣẹ́. Aṣọ ìkélé nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá dìde lọ kírun láìti kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ ti di ẹ̀yin. Ẹ kọ́ ara yín láti máa tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú L kí ẹ tó dìde. Bí ẹ bá sì gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àtúnṣe, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni password. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ọ́ sórí bébà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà, a ó máa lọ. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe kó àkọsílẹ̀ sàká kúrò nínú kọ̀ǹpútà pátápátá. Orí fláàṣì ló wà báyìí, fáìlì náà ní password tirẹ̀, nọ́ńbà ló sì wà níbẹ̀ dípò orúkọ. Ìwé tó sọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti sọ ọ̀rọ̀ ara ẹni tí a kó sọ́wọ́ di ohun tí òfin ń bi ni léèrè, ṣùgbọ́n mùsùlùmí kò nílò kí ìjọba tó sọ fún un kó tó mọ̀ pé a ó bi òun léèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni pé kọ́kọ́rọ́ onílé, ọwọ́ ta ni kó wà?

Àwọn bàbá kan á ní, ọwọ́ mi ni, èmi nìkan, kí n lè máa yọ wọ inú yàrá gbogbo wọn wò. Ọmọ mi ni, kí ló fẹ́ fi pa mọ́ fún mi? Mo gbọ́ yín. Olùṣọ́ ni bàbá, a ó sì bi í léèrè nípa àwọn tó ń ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní ohun tó ń fi pa mọ́; ẹ jókòó tì í, ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí pálọ̀ tí gbogbo ojú yóò ti rí i, ẹ mọ ohun tó ń wò. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó ti bàlágà, tí ìrun àti ààwẹ̀ ti di ọ̀ranyàn lé lórí, kí ẹ máa yọ́ ka lẹ́tà rẹ̀ lóru, ìyẹn kì í ṣe ìṣọ́. Súrà Hùjúrátì kọ títọpinpin àṣírí ọmọnìkejì, n kò sì rí ibi tí a ti yọ ọmọ ẹni kúrò nínú rẹ̀. Bí ìfura tó nídìí bá wà, ẹ pè é, ẹ jókòó, ẹ bi í léèrè lójú ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo tàbí Iléṣà lónìí, tó ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ wọn kò yé ẹnikẹ́ni ṣùgbọ́n tí mọ́tò wọn ń dán, kò lè ṣàìbẹ̀rù kí ọmọ tirẹ̀ má lọ fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì ní fóònù lápò. Kọ̀ǹpútà pálọ̀ kọ́ ni yóò lò.

Títì nìkan kò sì tó. Ní ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ti ìjọba. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé ní iPad tí wọ́n ti tì pa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan bí 300 ọmọ ti rí ọ̀nà yọ ìtìpa náà kúrò, wọ́n sì ti bọ́ sórí Facebook. Ọmọdé kì í fẹ́ràn ilẹ̀kùn títì tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Àwọn àgbà náà kò yàtọ̀. Ní 1962, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń lo password lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Allan Scherr rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n ń fún òun lọ́sẹ̀ kò tó iṣẹ́ òun. Ó ní kí kọ̀ǹpútà tẹ gbogbo password jáde sórí bébà, ó sì ń fi tàwọn ẹlòmíràn wọlé. Ìgbà tí nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá ló tó jẹ́wọ́. Nítorí náà, mo pe àwọn ọmọ mi jọ, mo sì sọ ìdí tí a fi ń tì í fún wọn, mo sọ ti ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní kọ̀rọ̀. Ó sunkún. Bí mo bá ti nà án ni, ẹkún mìíràn ni ìbá sun.

Àwọn bàbá kejì ni àwọn tí kò fẹ́ wo yàrá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí ìyàwó wọn mọ password onílé. Àwọn yìí ni mo fẹ́ bá jà. Ní ọjọ́ tí Ànábì ṣẹ́gun Mákà, ní ọdún kẹjọ Hijira, ó gba kọ́kọ́rọ́ Káábà lọ́wọ́ Úthmánù ọmọ Tálíhà, ó wọlé, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Àwọn ìbátan rẹ̀ fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ náà di ti ìdílé wọn. Ó dá a padà fún Úthmánù. Títí di òní, ìdílé Banū Shayba yẹn ni kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọba ti ń jẹ tí ọba ń wàjà. Agbára wà lọ́wọ́ Ànábì láti mú un. Ó wo ẹni tí iṣẹ́ náà tọ́ sí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò jù, tó sì ń wà nílé tí ọmọ bá ń béèrè àyè, ìyá ni. Kí ni bàbá tó ń dé láago mẹ́sàn-án alẹ́ ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe lápò?

Bàbá ìyá mi, ọmọ Iléṣà, òṣómàáló ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà mọ bó ṣe rí: wọ́n á ru aṣọ kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ sí Èkìtì, Àkókó, Ìlọrin àti ibi tó jìn jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ìwé gbèsè ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Inú àpótí kan ni bàbá yìí ń fi ìwé tirẹ̀ sí, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà nídìí rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ọmọ kan kì í sún mọ́ ọn. Nígbà tó kú lójijì sí ìrìn àjò, gbogbo ẹbí rò pé ìwé náà ti wọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá àgbà ló wọ yàrá, ó mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì ṣí àpótí náà rí.

Lónìí, ìwé gbèsè ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Owó àjọ tí a ń kó, ọjà tí a tà láwìn, ilẹ̀ tí a san ìlàjì owó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Súrà Nísáì sì ti là á kalẹ̀ pé ẹ̀yìn àsọtẹ́lẹ̀ àti gbèsè ni a tó ń pín ogún. Báwo ni wọn yóò ṣe san gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò rí? Hadíìsì Ibn Úmárù wà níbẹ̀ fún wa, pé ẹni tó bá ní ohun tó yẹ kó sọ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ sun oorun ọjọ́ méjì láìjẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Password onílé wà lára ohun tó yẹ ká kọ. Tiwa wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, nínú àpótí tí a ń kó ìwé ilé sí. Ìyàwó mi mọ ibẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin mọ̀ pé ó wà. Èmi fúnra mi kì í tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ìyá wọn ló ń tẹ̀ ẹ́, mo sì máa ń lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo bá fẹ́ gbé ohun tuntun sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kí Ràmàdánì tó kọjá yìí tó wọlé, mo tún lọ sọ́dọ̀ ìyá eléèlùbọ́. Mo sọ gbogbo ohun tí a yí padà fún un: pé kò sí orúkọ lórí ìwé mọ́, pé kò sí ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà mọ́, pé Lèmọ́mù nìkan ló mọ nọ́ńbà. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ń gbọn èlùbọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ọmọ yín ńkọ́, Àáfà? Ṣé ẹ nà án nígbà yẹn?”

Mo ní n kò nà án.

Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gba àpò ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi sábẹ́ ẹní.